Rìfáàsì Ni Wọ́n Mọ̀, Wọn Ò Mọ Kírísítófà

Tìbínú-tìbínú ni Dùnsìn ọlọ́kadà fi pa ọ̀kadà ẹ̀ lẹ́nu géètì ilé olóògbé l'Ọ̀wọ̀. Ó fa pósítà òkú yọ lápò, ó nà án sí Láníyì, àkọ́bí olóògbé, ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Láníyì, ta lẹ fẹ́ sin lọ́la gan-an?"

"Bàbá mi. Àbí o ò mọ̀wé kà ni?"

"Mo kà á! 'Christopher Adégbénga, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì.' Ọjà Imoru ni mo ti ń bọ̀. Ìyá kan fi pósítà yín bo gààrí! Mo ní ṣé ẹ mọ bàbá yìí, ó ní òun ò mọ Kírísítófà kankan. Ẹ wọ kóòtù àti gíláàsì fún un, ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò!"

Ọdún mẹ́ta péré ni bàbá yẹn fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Ogójì ọdún ló fi wa lọ́rì. Ó gbé iṣu dé Maiduguri, ó gbé àlùbọ́sà bọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé ní Kánò torí ó gbá sójà létí. Ìyàwó tó fẹ́ ní Jos fi ọmọ odó lé e jáde. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, Dùnsìn ò ju mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, síbẹ̀ "ọ̀rẹ́ mi" ló ń pè é. Gbogbo Sátidé ni Dùnsìn ń gbé e lọ mu ẹmu l'Emure-Ile, ibẹ̀ ló ti ní, "Ọ̀rẹ́, bí mo bá kú, kí àwọn ará Imoru wá o. Kí wọ́n wá fi orúkọ mi pè mí."

Orúkọ yẹn, ojú ọ̀nà ló ti rí i. Ó ń ti Arimogija lọ sí Imoru, aboyún kan tó ń jẹ́ Abigail jókòó sórí iṣu lẹ́yìn lọ́rì. Bí jíà ṣe kú nìyẹn, ó ku rìfáàsì tó ń fẹ̀yìn rìn nìkan. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni Abigail figbe ta, ọmọ ń bọ̀. Bàbá yọrí síta lójú fèrèsé, ó fẹ̀yìn rìn padà títí dé ilé ìgbẹ̀bí Arimogija. Látọjọ́ náà, ó di Rìfáàsì lẹ́nu àwọn ará Imoru.

"Ẹ kọ Rìfáàsì sára pósítà yẹn!" ni Dùnsìn wí.

"Rìfáàsì?" Láníyì rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ṣé ohun tí àlùfáà máa kà létí àwọn ọ̀gá mi nìyẹn?"

"Ojú ẹ̀ ń tì yín, àbí? Lọ́rì yẹn ló gbé yín dé yunifásítì!"

Dùnsìn gun ọ̀kadà ẹ̀ lọ. Ó ra máákà, ó padà sí Imoru, ó ń kọ RÌFÁÀSÌ gàdàgbà sára pósítà kọ̀ọ̀kan. Kò tíì kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì tán tí ìyá onígààrí fi lọgun.

"Rìfáàsì kú? Rìfáàsì wa? Ọmọ burúkú, o ò tètè wí! O dé láàárọ̀, o ń bínú, o gbé Kírísítófà wá fún èmi Abigail, o bá tún fìbínú lọ!"

Dùnsìn sọ fún un pé Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti máa sin ín lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń gbé pósí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́rì kan fẹ̀yìn wọlé láti títì, ó kún fún ará Imoru fọ́fọ́. "Rìfáàsì o! Rìfáàsì!" Àwọn ọ̀gá Láníyì yíjú wò. Abigail bọ́ sílẹ̀, ó di Láníyì lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ lọmọ Rìfáàsì?"

Láníyì wo àwọn ọ̀gá ẹ̀. Ó tún yíjú sí Abigail. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi lọmọ Rìfáàsì."

Ìbínú Dùnsìn ò tíì rọ̀. Ó na máákà sí Láníyì, ó sì yọ àgbọ̀n sí pósítà ńlá Christopher Adégbénga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.