Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Béèrè Ọjọ́ Orí Òǹkọ̀wé

Orí ìwé ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi. Wọ́n ṣèlérí ìwé fún kíláàsì mi ní Ìdàáṣà, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ àpilẹ̀kọ ní yunifásítì. Faransé ni wọ́n fi kàwé láti kékeré. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò ju ká kí èèyàn lọ. Ìwé ò dé. Ọyẹ́ ló dé, àti ewúrẹ́ kan tó ń yọjú lójú fèrèsé. Orí foonu la ti ń kàwé.

Ọmọbìnrin kan wà láti abúlé Gbaffo tí iṣẹ́ kì í sú. Tó bá yege ìdánwò àfẹnusọ, á wọ ọdún kejì. Tí kò bá yege, bàbá rẹ̀ ti ní kó máa bọ̀ lóko.

Olùdánwò ti Kútọnu wá. Ó pẹ́, kò tọrọ àforíjì, orí àga mi ló sì jókòó sí. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi sọ́kàn. Ó fún ọmọ náà ní àpilẹ̀kọ kan tó ní kí wọ́n gba foonu lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé náà kò ti tọ̀nà.

Ọmọ náà kà á tán. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọsẹ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá mi, mi ò lè ní ó ṣì í."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé bírò. "Òdo. Kò ní èrò tirẹ̀."

"Mùsíé, èrò kún inú ẹ̀," ni mo wí. "Ọ̀wọ̀ ló dì í lẹ́nu."

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi."

"Ẹ kọ́kọ́ dìde lórí àga mi ná!"

Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé bírò sílẹ̀. Mo yíjú sí ọmọ náà. "Tí o bá fẹ́ tako bàbá rẹ nílé, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níwájú olùdánwò. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé náà gan-an. Pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára níbi tí ìwé bá wà. Pé bóyá kò tíì dé kíláàsì tiwa, níbi tí foonu ti jẹ́ ìwé. Kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ kó ìwé wá kó tó gba foonu.

Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń tako ara wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́ nìyẹn: ọ̀wọ̀, "bóyá", àti ìdí. Odindi oṣù ni mo fi kọ́ wọn, kò sì dùn tó báyìí lẹ́nu mi.

Olùdánwò kọ máàkì rẹ̀. "O yege. Dìde."

Kò dìde. "Bàbá tó kọ ọ́ ńkọ́, sà? Kò ní bínú?"

"Kò ní bínú."

Ìgbà náà ló tó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó lọ pe bàbá rẹ̀ lórí foonu.