Omi Zamzam Lójú Ọgbẹ́

Bí mo bá gbóòórùn sínámọ́nì, èèpo igi olóòórùn dídùn, ní káfẹ́ Rye Lane lókè òkun níbí, àyà mi á já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, Mummy hú òdòdó wọn kékeré, tí ewé rẹ̀ nípọn, kúrò nínú ìkòkò. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé gbòǹgbò tó ti jẹrà, wọ́n fi ìyẹ̀fun sínámọ́nì pa ojú ọgbẹ́ náà kó má baà jẹrà mọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bébà lójú fèrèsé kíṣìnì.

"Má bu omi sí i o. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ ká tó gbìn ín."

Lójú tèmi, ó ń kú lọ. Bí wọ́n ṣe wọ yàrá lọ di báàgì, mo gbé ìgò omi mímọ́ Zamzam tí a kì í mu àfi tí ara ẹnìkan ò bá yá, mo da omi náà lé e.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Sorry, Mummy. Mi ò fẹ́ kó kú ni."

Wọn ò nà mí. Wọ́n tún ibi tó rin gé. Mi ò mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni dókítà máa gé ọmú wọn kan.

"Ṣé omi yẹn ṣẹ́kù?"

"Ó ku díẹ̀, Mummy."

"Gbé e wá."

Wọ́n kọjú sí gábàsì bí ẹni tó fẹ́ kírun, wọ́n sì gbé ìgò náà sẹ́nu títí kò fi kán mọ́.