Gbogbo Ẹni Tó Bá Mi Wo Ọ́ìlì Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn, ó bá mi wí nítorí pé mo gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ọkọ̀ lé orí tábìlì oúnjẹ. Ó gbé e kúrò, ó nu tábìlì, a jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Òun ló ń tọ́jú ọkọ̀ wa. Ọmọ awakọ̀ lọ́rì ni. Tèmi kò ju kí n wà á lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a sin ín, mo fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ náà ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ wa. Bọ́lá, ọmọ wa, ní, "Dádì, tó bá fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà, a máa tà á o." Mo ní ó dáa.

Nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ni mo ti ra ọ́ìlì tuntun, lítà mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náírà. Ìwé ọkọ̀ ní kí n lo 5W-30. Nọ́mbà kìíní ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, èkejì ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹni tó ń tà á rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, ọkọ̀ àgbà, ọ́ìlì àgbà. Èyí tó ki ni kẹ́ ẹ gbé. Ìwé òyìnbó ò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́." Mo ra ti inú ìwé. Mẹkáníìkì mi dà á sí i, ó dúró sí ìlà òkè lára irin tí a fi ń wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́.

Mo gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tírélà tó gba ojú ọ̀nà. Ní ilé epo kan létí ìlú, ẹni tó ń ta epo dá mi mọ̀. Bí mo ṣe pa ẹ́ńjìnnì ló ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ọ́ìlì. "Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Ẹ má sọ̀kalẹ̀. Ọ́ìlì yín ti lọ sílẹ̀." Ó ti da ìdajì lítà sí i kí n tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ní Odò Ọbà, mo dúró láti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Mẹkáníìkì kan tó ti gbọ́ nípa ikú ìyàwó mi fi bẹ́ǹṣì hàn mí. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó fọwọ́ kan gírísì lásìkò yìí." Òun náà fa géèjì yọ lójú ẹsẹ̀, òun náà bù kún un, èyí tó ki. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá àánú jà?

Nígbà tí mo fi dé Takie, nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, èéfín ti bo ẹ̀yìn mi. Mẹkáníìkì mìíràn wò ó lókèèrè. "Ríìngì tó ń dènà ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, Bàbá. Ṣé kí n bá yín wá ẹni tó máa ra ọkọ̀ yìí?" Mo ní kó jẹ́ kí n délé àna mi ná.

Ìyá ìyàwó mi ti gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó kí n tó dọ̀bálẹ̀. A kí ara wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Bàbá Bọ́lá, ta ló wo ọ́ìlì fún un yín?" Mo ka àwọn ẹni náà.

"Ṣé wọ́n dúró kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ọ́ìlì rẹ̀ ṣì wà lókè. Wọ́n ti rọ ọ́ yó. Àánú wọn ló ń rú èéfín yẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún mi ní sípánà ọkọ wọn. Ọkọ̀ wà níbi tó tẹ́jú, ó ti tutù. Mo nu géèjì, mo tì í bọ̀, mo fà á yọ: ọ́ìlì fi ìka méjì ga ju ìlà lọ. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà? Ẹ jáde, sà, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

"Ẹ ṣé. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó jọ pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo dẹ nọ́ọ̀tì tó dí ihò ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, mo jẹ́ kí ọ́ìlì kán sínú abọ́, mo dì í, mo jáde wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é kó tó bá ìlà.

Mo padà dé Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó le, láìsí èéfín. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀: kí èèyàn ní sùúrù kó tó wo ọ́ìlì, kó sì lè sọ pé ó tó. Bọ́lá yí ọkọ̀ po, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì mi.

"Ta ló bá yín tún un ṣe?"

"Èmi ni."

Ó wo ọwọ́ mi. Kò sọ̀rọ̀ títà mọ́.