Ọṣẹ Inú Àpótí Ìyá Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ní Gárééjì Ìkòròdú, mo ń wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé mi délé, ni ọmọbìnrin kan tó ń kiri ọjà bá na ọṣẹ kan sí mi nímú. "Màmá, ẹ tiẹ̀ gbóòórùn ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò rà." Ẹni tó bá mọ Gárééjì mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń dúró ronú. Ọlọ́kadà ń fun fèrè, agbèrò ń pe "Agbówà, Ẹ̀pẹ́, ó ku ẹnì kan!" nígbà tó jẹ́ pé awakọ̀ nìkan ló jókòó sínú ọkọ̀. Síbẹ̀, bí òórùn ọṣẹ yẹn ṣe wọ imú mi, gbogbo ariwo yẹn rọlẹ̀. Omi kún ojú mi. Ọmọ náà rò pé òun ti ṣẹ̀ mí, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Mo ní kò ṣẹ̀ mí, mo sì ra ọṣẹ náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọṣẹ fún yín.

Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ilé wa sún mọ́ omi débi pé kéèyàn tó mọ̀ pé òun ti jí láàárọ̀, á ti máa gbọ́ bí omi ṣe ń lá ara àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Lásìkò òjò, kùrukùru á bo ojú ọ̀sà, àwọn apẹja á sì máa yọ jáde látinú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí wọn la máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà èjìká, ọkọ̀ á wá gbẹ̀yìn. Mo rò nígbà yẹn pé inú omi ni wọ́n ń sùn. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé irọ́ ni, mo ṣe tán láti bá a jà.

Apẹja ni bàbá mi. Ọmọ Ìkòròdú ni ìyá mi, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn wá sílé ọkọ láti Èbúté Ìkòròdú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni bàbá mi fi ń pa ẹja àrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọṣẹ ìfọṣọ! Tí omi bá ti pọ́n lẹ́yìn òjò, àrọ̀ ò ríran mọ́, imú ló fi ń wá oúnjẹ, òórùn ọṣẹ sì máa ń fà á bí òórùn àkàrà ṣe ń fa ọmọ iléèwé. Ìyá mi ló ń ṣe ìjẹ náà. Wọ́n á gé ọṣẹ wẹ́wẹ́, kò ní ju orí àtàǹpàkò lọ. Wọ́n á fi epo pupa pa á lára, wọ́n á yí i nínú edé gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, wọ́n á wá sá a sórí asẹ́ lábẹ́ ìbòòji kó lè le, kó má baà tètè yọ́. Bàbá mi á wá máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi kọ́ ìwọ̀. Àwọn àgbà àdúgbò wa gbà pé abọ́ ìjẹ kan náà ni ọwọ́ tọkọtaya gbọ́dọ̀ wọ̀, pé tí ìjà bá wà láàárín wọn, àrọ̀ á gbóòórùn ẹ̀ lára ìjẹ, kò sì ní jẹ ẹ́.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọṣẹ ìfọṣọ tán nílé lọ́jọ́ kan. Ìyá mi lọ sọ́jà. Bàbá mi wá gbogbo ibi, wọn ò rí, ni wọ́n bá bi mí bóyá kò sí ọṣẹ nílé yìí mọ́ ni. Èmi tí mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí pé mo gbọ́n, mo yára dáhùn. Mo ní ọ̀kan wà nínú àpótí ìyá mi, lábẹ́ aṣọ.

Ọṣẹ olóòórùn dídùn ni, èyí tí wọ́n máa ń fi sáàárín aṣọ kí aṣọ lè máa ta sánsán. Lọ́jọ́ tí ìyá mi ń lọ sílé ọkọ, ìyá tó bí wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sínú àpótí yẹn. Ọdún yẹn ò tíì parí tí ìyá àgbà fi kú. Láti ìgbà náà, ìyá mi máa ń ṣí àpótí yẹn nígbà mìíràn, wọn ò ní mú nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á kàn tẹrí sí i, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì pa á dé.

Bàbá mi gé ọṣẹ náà wẹ́wẹ́. Wọ́n pa ẹja lọ́jọ́ yẹn o, ẹja kún ọkọ̀. Ìgbà tí ìyá mi tọjà dé, ìwé tí wọ́n fi wé ọṣẹ ni wọ́n bá nílẹ̀. Bàbá mi, tí ayọ̀ ẹja ṣì wà lára wọn, wá sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí wọ́n sọ. Wọ́n ní, "Họ́wù! Ọṣẹ kì í ṣe ọṣẹ ni?"

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá mi náà gbé ẹnu tiwọn tì. Èmi wá di ẹni tí wọ́n ń rán. "Sọ fún bàbá ẹ pé ẹ̀bà wọn ti ń tutù." "Sọ fún ìyá ẹ pé mo ti gbọ́." Inú yàrá kan náà ni gbogbo wa wà o, orí ẹní kan náà! Tí mi ò bá tíì jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n rán mi sí á máa wò mí bíi pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹni tó júwe àpótí. Èmi náà ò sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi di ẹrù wọn, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Èbúté Ìkòròdú máa gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá. Mo yọ́ lọ tú ìdí ẹrù náà wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò délẹ̀, mi ò rí aṣọ mi kankan nínú ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibà dá ọkùnrin tó ń bá bàbá mi tukọ̀ dùbúlẹ̀. Ìyá mi wá ní, "Sọ fún bàbá ẹ pé màá bá wọn tukọ̀ lónìí. Wọn ò ní sọ ní Ẹ̀pẹ́ pé mo jáde nílé ọkọ láìsí ẹja níbẹ̀." Wọ́n gé ọṣẹ ìfọṣọ, wọ́n pa á lépo, wọ́n yí i lédé, ojú wọn le koko. Wọ́n mú èmi náà dání. Tí wọn ò bá mú mi, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀?

Ìyá mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀, bàbá mi wà níwájú pẹ̀lú okùn ìwọ̀, èmi wà láàárín pẹ̀lú abọ́ ìjẹ. Òjò òru ti mú kí omi náà pọ́n bíi tíì tí wàrà pọ̀ nínú ẹ̀. Ojú oró léfòó lórí omi, ó ń kọjá lára wa jẹ́jẹ́, lékèélékèé kan sì dúró lórí ẹ̀ bí ọ̀gá tí wọ́n ń wà kiri. Gbogbo ayé dákẹ́, àfi èmi. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yà sọ́tùn-ún." "Wọ́n ní àwọn ti yà." Bàbá mi ju ìwọ̀ sómi, a dúró, wọ́n fà á, ìjẹ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n tún un jù. Kò sí nǹkan kan. Mo rí i tí bàbá mi wo abọ́ ìjẹ, tí wọ́n wá wo ìyá mi.

Mi ò mọ ẹni tó fi ọgbọ́n yẹn sí mi nínú. Mo kàn rọra dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, mo di ojú mi.

"Sọ fún ìyá ẹ pé..." ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti sùn," ni ìyá mi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Mo ń gbọ́ omi tó ń kán tó, tó, tó láti etí àjẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni bàbá mi pè. Oríkì ìyá mi nìyẹn. "Mo ṣe ohun tí kò dáa. Ọṣẹ ni mo rí. Mi ò rí ìyá ẹ."

Ìyá mi sunkún, kò le, kò sì pẹ́. Wọ́n wá bèèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yẹn. "Ta ló sọ fún yín pé ó wà nínú àpótí mi?"

Bàbá mi ò tiẹ̀ rò ó. "Imú mi ló júwe ẹ̀ fún mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ tí bàbá mi ń tú etí aṣọ wọn. Wọ́n ní ègé ọṣẹ kan tí ìwọ̀ gbé padà lọ́jọ́ náà rèé, pé àwọn ò lè jù ú nù, ojú sì ń ti àwọn láti fún ìyá mi. Ìyá mi gbà á, wọ́n gbé e símú.

"Yéè! Ó ń rùn bí ẹja!"

Bí ẹ̀rín ṣe bú jáde nìyẹn o. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì, tí omi ta sínú ọkọ̀, tó wọ̀ mí létí, mo sì ń sùn lọ. Àwọn méjèèjì ki ọwọ́ bọ abọ́ ìjẹ kan náà, wọ́n pààrọ̀ gbogbo ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀. Ẹ lè sọ pé omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n àrọ̀ jẹ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìyá mi gbé mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ẹni tó ń sùn kì í mi àtàǹpàkò ẹsẹ̀." Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tú ẹrù wọn.

Nǹkan ti yí padà o. Inú táǹkì lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti ń sin àrọ̀ ní Ìkòròdú báyìí, kò mọ ọ̀sà, kò mọ ọṣẹ. Ẹ̀yin tọkọtaya òde òní, orí fóònù lẹ ti ń bára yín jà, ẹ sì lè ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ra yín láìdi ẹrù kankan. Bàbá mi ti kú, ó ti pẹ́. Ìyá mi ti darúgbó gan-an, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ohun kan ò sì yí padà: tá a bá lọ síbi sàréè bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, wọn kì í fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ṣì ń rán.

Ní Sátidé, mo gbé wọn lọ, ọṣẹ tí mo rà ní Gárééjì wà lọ́wọ́ wọn. Mo gbé àga fún wọn síbi sàréè náà, lẹ́yìnkùlé ilé wa. A ń gbọ́ omi, a sì ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń wa yanrìn lókèèrè.

"Sọ fún bàbá ẹ pé mo ti dé," ni wọ́n wí.

Mo ti la ẹnu kí n tó pa á dé. Mo jókòó sídìí igi máńgòrò, mo fẹ̀yìn tì í, mo di ojú mi. Ó pẹ́ gan-an.

"Ó ti sùn," ni ìyá mi sọ. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, mo ti mọ̀ látọjọ́ yẹn pé ọmọ yìí ló júwe àpótí fún yín. Imú yín wo? Imú tí ẹja ti dí! Torí bẹ́ ẹ ṣe bo ọmọ mi láṣìírí yẹn ni mo ṣe tú ẹrù mi."

Mo di ojú mi pinpin, ṣùgbọ́n mi ò rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi dá dúró.