Ẹṣin Mi Ń Kí Igi

Ẹṣin tuntun tí mo mú lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò lónìí ti dójú tì mí o!

Láti Ìgàndó lèmi àti Àrẹ̀mọ, ìyẹn ẹṣin mi, ti gbéra nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ṣáà ti fọ́nnu fún yín pé ẹ máa rí fídíò.

Nígbà tó kàn wá, àwọn tó wà ní pápá pàtẹ́wọ́ láti kì mí láyà. Ẹṣin mi sáré dé ibi igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà pé kó fò, ó dúró, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì tẹrí ba. Igi lásánlàsàn ló ń kí!

Kóòṣì wa, ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bi mí pé, "Ọwọ́ ta lo ti ra ẹṣin yìí?"

"Alhaji kan n'Ìṣẹ̀rí-Olófin ni, mà. Ó ní ìjòyè kan ló ń gùn ún tẹ́lẹ̀."

"Abájọ! Tó bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́, ó rò pé iwájú ọba lòun wà ni. Kẹ́nikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ mọ́!"

Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Àrẹ̀mọ sáré, ó fo igi náà fíò. Inú mi dùn débi pé mo fi ìjánu sílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo pàtẹ́wọ́.

Ló bá tún tẹrí ba. Mo yọ̀ gba ọrùn ẹ̀ wálẹ̀, mo dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú Kóòṣì.

Ìyá wò mí nílẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o. Dìde, ọmọ mi, mo ti rí ìkíni ẹ."

Ẹ rẹ́rìn-ín tán kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn jàre: ṣé kó máa kọ́ fífò lọ, àbí kí n mú un lọ kí àwọn àna mi?