Ó Di Ọ̀la Kí N Tó Gbé E

"Ó di ọ̀la kí n tó gbé e." Ohun tí Bọ̀dá mi máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tí wọ́n bá wá sí Ìkẹ́rẹ́, tí mo sì na ọmọ mi sí wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, olórí àwọn tó ń po oògùn onítànṣán tí dókítà máa ń gún sára aláìsàn láti fi wá jẹjẹrẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, wọn kì í gbé ọmọ ọwọ́ mọ́, wọn ìbáà wẹ̀ títí; wọ́n ní ìtànṣán rẹ̀ lè pa ọmọ lára. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń jẹyán.

Ìyá wa á ní, "Ulé rẹ rèé. Ṣé o ò lè sùn di ọ̀la tí ò ń wí yìí?"

"Màmá, àfẹ̀mọ́jú la máa ń pò ó. Tá a bá jáfara, agbára rẹ̀ á ti lọ. Ẹ má bínú."

Wọ́n á tún lọ. Ìyá wa jáde láyé láìrí ọ̀la yẹn.

Bọ̀dá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan fún ìsìnkú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. "Wá. Ọwọ́ mi mọ́ lónìí."

Ọmọ náà sá sẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, ta nìyí?"