Ilà Ojú Àwọn Ará Ìlú Ká-Ní

Ọmọ mi ló tú ojú mi. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe àlejò. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí mo ń tẹ máṣíìnì ní Mile 3 ló mú abẹ, tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Mgbuoba, tó ń fa òwú yọ lójú àwọn ọmọláńgidi mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú gbogbo wọn fi dán bí ẹyin. Mi ò ní pariwo. Èmi kì í pariwo. Ṣùgbọ́n mò ń bínú, ìbínú náà kì í sì í ṣe ti àná, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ilà gọ̀mbọ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, ó ti ẹ̀bá etí wálẹ̀, ó rọra tẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ìbàmú kan sì dábùú láti orí imú lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Nílé wa kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo bá ọkọ mi dé Port Harcourt ni mo tó mọ̀ pé ojú mi jẹ́ ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ a ní, "Mama Tribal Mark, enter with your change o." Ẹni tí mo fẹ́ ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ a ní, "Mama, who scratch you?" Mo máa ń sanwó òwú, mo máa ń lọ. Aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n rán aṣọ òun yóò fara da ojú mi.

Ní 1999, ọdún tí àwọn sójà gbéjọba sílẹ̀, ọmọbìnrin mi yìí wà ní praimárì. Ó ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, kò bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, kò béèrè oúnjẹ. Ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi.

"Màámi, ẹ má wá síbi ìparí sáà wa."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní tiger ló bí mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"All of them."

Ẹkún ló fi sọ èyí tó kù. Mi ò lọ bá tíṣà jà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún tíṣà? Mo wo ojú ọmọ náà tí kò ní ilà kankan, nítorí èmi àti baba rẹ̀ ti fẹnu kò pé abẹ kò ní kan ojú ọmọ wa. Abẹ a máa dun ọmọ, ó sì lè kó àrùn bá a. Títí dòní mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọlà fọ́mọ. Èyí tó ti wà lójú èmi ni mò ń wí.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa àjákù aṣọ jọ lábẹ́ tábìlì. Mo gé orí, mo gé ara, mo ki àjákù bọ̀ wọ́n nínú títí wọ́n fi le. Mo wá mú ìkángun etù, aṣọ òfì aláró dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi ń hun nílé, mo fi dá ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo ki òwú dúdú bọ abẹ́rẹ́, mo rán gọ̀mbọ́ àti ìbàmú sí ọmọláńgidi náà lójú.

Ọmọ mi ti ń wò mí láti ìgbà yẹn. "Ta nìyí?"

"Adájọ́ ni."

"Judge no dey wear this one. Judge dey wear white hair."

"Irun ẹṣin ni. Òyìnbó ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Níbi tí adájọ́ tèmi ti wá, òyìnbó dé, wọ́n ra aṣọ, wọ́n kí àwọn ará ibẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn padà. Wọn ò jókòó lé ẹnikẹ́ni lórí. Etù ni adájọ́ ibẹ̀ ṣì ń wọ̀."

"Kí lorúkọ ibẹ̀?"

"Ìlú Ká-Ní."

Ó fi ìka tọ ilà náà. "Ṣé gbogbo wọn ló ní èyí?"

"Ẹni tí kò bá ní in ni wọ́n máa ń bi pé ọmọ ta ni ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Then na me be tiger for there." Ó gba ọmọláńgidi náà, ó pọ̀n ọ́n, ó jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn. Ó sì wá síbi ìparí sáà pẹ̀lú mi, ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá dín, mo máa ń fi ẹnì kan kún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi: ká ní a kò jáwọ́ nínú aṣọ wa, tí a sì ń bá iṣẹ́ ayé lọ, báwo ni à bá ṣe máa gé e? Mo fi kíjìpá funfun dá aṣọ nọ́ọ̀sì, nítorí pé kíjìpá ṣeé sè nínú omi gbígbóná, mo sì gé apá rẹ̀ kúrú, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi apá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́jú egbò. Awakọ̀ òfuurufú dé fìlà abetí-ajá, ṣùgbọ́n mo so okùn mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì kó lè dè é sábẹ́ àgbọ̀n, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Òṣìṣẹ́ elépo rọ̀bì wọ kófúrọ́ọ̀lù, aṣọ iṣẹ́ tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, tí mo fi òfì tó nípọn dá, mo gbé àlàárì pupa lé èjìká rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i lókèèrè.

Aládùúgbò mi kan, ìyá Kalabari, kọ́ mi bí àwọn ṣe ń fi abẹ gé òwú aṣọ, tí wọ́n á fà á yọ díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ náà yóò fi di iṣẹ́ ọnà. Ọmọ mi jókòó tì wá, òun náà kọ́ ọ. Ìyẹn ni mo fi ṣọ̀ṣọ́ sí aṣọ ọmọláńgidi òyìnbó kan ṣoṣo tó wà nílùú náà, oníṣòwò kan tí òtútù ilé rẹ̀ ń dà láàmú, tó ra agbádá, tó wọ̀ wọ́n léra wọn títí kò fi lè káwọ́ sẹ́yìn mọ́. Òun nìkan ni kò ní ilà. Ọmọ mi a máa bi í pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?" a sì máa fi ohùn òyìnbó dá ara rẹ̀ lóhùn pé òun ò mọ̀. À ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí èéfín dúdú wá bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ìlú Port Harcourt, tí èèyàn bá fi ìka nu fèrèsé tí ìka á dúdú, ọ̀rá ni mo máa ń fi bo gbogbo wọn.

Ọmọ náà dàgbà, ó jáde yunifásítì, ó rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó rọ́kọ fẹ́, ó bímọ fún mi. Mo dé ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí fọ́tò mi lára ògiri. Aṣọ mi ni. Gèlè mi ni. Ojú dán, kò sí ilà kankan.

Mo ní, "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Fóònù ló ṣe é bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Fóònù náà mọ̀ mí rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mu omi, mo lọ sílé.

Lọ́dún tó kọjá ló wá sọ fún mi pé òun fi fọ́tò àwọn ọmọláńgidi náà han obìnrin kan tó ń ṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní GRA, obìnrin náà sì ń fẹ́ gbogbo wọn. Inú mi dùn. Kì í ṣe títà ló wà lọ́kàn mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí àwọn ará Port Harcourt dúró níwájú ojú tó dà bíi tèmi, kí wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ohun tó dára, kí ẹnikẹ́ni má béèrè ẹni tó ha mí. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ìyẹn nìkan ni mo ti fẹ́. Mo nu wọ́n, mo tún ìgbátí wọn rán, mo tò wọ́n sínú páálí. Ọmọ mi wá fi mọ́tò kó wọn lọ ṣáájú ọjọ́ ìpàtẹ. Òun náà ní òun á mú adájọ́ tirẹ̀ wá láti ilé.

Lọ́jọ́ náà mo wọ sányán mi. Mo dé gbọ̀ngàn, mo rí tábìlì wa. Aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, iná sì ń tàn sí wọn. Nọ́ọ̀sì dúró, awakọ̀ òfuurufú dúró, elépo rọ̀bì dúró. Ojú gbogbo wọn dán. Mo sún mọ́ ọn, mo wọ gíláàsì mi. Ihò abẹ́rẹ́ ṣì wà níbi tí ilà wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti fi pọ́dà pa á. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gé òwú náà mọ́ tónítóní, bí ìyá Kalabari ṣe kọ́ wa. Mo ti mọ ọwọ́ tó ṣe é kí n tó béèrè.

Adájọ́ wà láàárín wọn, àwọ̀ etù rẹ̀ ti ṣí. Ó ti tú òun náà.

Obìnrin tó ṣètò ìpàtẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀. "Mama, welcome ma. See as dem fine."

Mo yíjú sí ọmọ mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ta ló tú u?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká jáde síta."

"Ibí yìí ni mo ti béèrè."

"Èmi ni, mà." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn olùṣètò ní àwọn tó máa wá á rò pé egbò ni. Wọ́n ní ó máa dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ọmọdé wo ló bà lẹ́rù? Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ṣe é fún. Ṣé ó bà ọ́ lẹ́rù?"

"Màámi, kò sẹ́ni tó ń kọlà mọ́."

"Níbí. Nílùú tiwọn ńkọ́?"

Ó na ọwọ́, ó ń tún etù adájọ́ ṣe. Mo ní, "O wọ inú ìlú tí mo fi ọwọ́ mi tẹ̀ dó, o sì ṣe ohun tí òyìnbó inú rẹ̀ gan-an kò ṣe."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú páálí. Obìnrin náà ní, "Mama, abeg, people don dey enter." Mo ní kó má bínú, pé kò sí ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n wò níbẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mi ò yára, mi ò sì gbé ohùn sókè. Òyìnbó oníṣòwò ni mo kó gbẹ̀yìn. Òun nìkan ni ojú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé mi padà sí Mile 3 ń yọjú wo páálí náà. "Mama, na shrine you dey carry so?"

"Na my people," ni mo fi dá a lóhùn. Ó yíjú sọ́nà, ó ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ mi ń pè mí, mi ò gbé fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kó dìde. Mo ti gbé adájọ́ sórí tábìlì, pẹ̀lú òwú dúdú àti abẹ́rẹ́.

"Ìwọ lo tú u. Ìwọ ni yóò rán an."

Mo fi bí yóò ṣe ṣe é hàn án. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti kì wọ́n tán ni mo ń rán ilà sí wọn lójú, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún abẹ. Mo ti tú ẹ̀yìn orí adájọ́, mo kó àjákù inú rẹ̀ jáde. Inú ni yóò ti rán an báyìí, inú ni yóò ti ta kókó rẹ̀, lẹ́yìn náà la ó tún kì í. Ẹni tó bá tún fẹ́ tú ilà yẹn, àfi kó fa gbogbo ojú ya.

Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó dúró.

"Màámi, mo ti gbàgbé bó ṣe lọ. Ẹ fún mi ní ọ̀kan kí n fi wò."

"Ọ̀kan dà? O tú gbogbo rẹ̀. Wo ojú mi."

Mo fa àga mi súnmọ́ fèrèsé, mo kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ó wò mí, ó sáré gbé ojú kúrò. Ó tún wò. Ó rán gọ̀mbọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó rán èkejì. Nígbà tó dé orí ìbàmú, ó fà á lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún.

"Òsì ni."

"Òsì ni mo rán, Màámi."

"Òsì tìrẹ nìyẹn, bó o ṣe jókòó kọjú sí mi. Òsì tèmi ni mò ń wí. Tú u."

Ó tú u. Ó fi àga sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó gbé ìka lé orí imú mi, ó tọ ìbàmú náà lọ títí dé ibi tó parí sí. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní praimárì.

Ó ní, "Ṣé ó dùn yín nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?"

"Mi ò rántí ti olóòlà. Tìrẹ ni mo rántí."

Omijé dà lójú rẹ̀. Mi ò nù ún, nítorí inú mi kò tíì rọ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé ó ti rọ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tó ń dúró, awakọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, elépo rọ̀bì náà. Mo bu oúnjẹ tó gbé wá sínú àwo méjì, mo gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jẹun. Lẹ́yìn náà kí o ki òwú míì bọ abẹ́rẹ́. Èmi kò ní kúrò ní fèrèsé."